Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń Yan Àdúgbò ní Palm Springs

Inú aṣálẹ̀ gúúsù ìpínlẹ̀ Kalifóníà ni ìlú Palm Springs wà, ní ẹsẹ̀ Òkè San Jacinto tí ó ga ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kó lọ síbẹ̀ ni ó máa ń lọ wo ilé ní oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn kò tíì mú, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àṣìṣe tí ó ń bí àwọn yòókù nìyẹn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2024, ooru ìlú yìí dé 124 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí ó lé ní 51 lórí ti Celsius, irú èyí tí wọn kò tíì rí níbẹ̀ rí. Kí ẹni tí ó yan àdúgbò ní oṣù Kejì rántí pé inú ilé yẹn kan náà ni oṣù Keje yóò bá òun.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù lọ jẹ mọ́ ilẹ̀, nítorí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ bí a ti ń yàgò fún un. Nílé, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sanwó ilẹ̀ láì kọ́kọ́ wádìí àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá fojú fo ìwádìí yẹn, ọmọ onílẹ̀ ni yóò wá dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé Amẹ́ríkà, a máa ń rò pé ẹni tí ó ta ilé ti ta ilẹ̀ mọ́ ọn. Ní Palm Springs, kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ìjọba àpapọ̀ gé ilẹ̀ náà sí ìpín onígun mẹ́rin, máìlì kan ní òró, máìlì kan ní ìbú. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀kan, wọ́n fi èyí tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún àwọn Agua Caliente, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yà Cahuilla, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi dà bí ojú pátákó dráàfù. Títí di òní, ilé tí ó wà ní òdìkejì títì lè wà lórí ilẹ̀ tí a rà pátápátá, kí èyí tí ẹ ń wò sì wà lórí ilẹ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Agua Caliente.

Iye owó irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kéré, ó sì máa ń wọni lójú. Ẹ má tíì fọwọ́ síwèé. Ẹ bèèrè iye ọdún tí ó kù lórí àdéhùn ilẹ̀ náà, èyí tí òfin gbà kí ó tó ọdún 99, ẹ bèèrè iye owó ilẹ̀ tí ẹ ó máa san, àti ìgbà tí wọ́n lè fi kún un. Bí ọdún tí ó kù kò bá gùn ju èyí tí ẹ ó fi san gbèsè ilé lọ, ọ̀pọ̀ báńkì ni kò ní yá yín lówó, ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ tà á fún lọ́la yóò bá ìṣòro kan náà pàdé.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a má bèèrè ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Láti ìhà etíkun ni afẹ́fẹ́ tútù ti ń rọ́ gba àlàfo òkè tí wọ́n ń pè ní San Gorgonio Pass wọ inú aṣálẹ̀ gbígbóná, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná fi pọ̀ lọ súà níbẹ̀. Apá àríwá ìlú àti Desert Hot Springs, ìlú tí ó wà ní àríwá rẹ̀, ni ó ń jìyà rẹ̀ jù, pàápàá ní ìgbà ìrúwé. Apá gúúsù tí òkè ṣíji bò dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti rí ọyẹ́ mọ eruku, ṣùgbọ́n iyanrìn tibí ń ta ni lára bí abẹ́rẹ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì nìkan gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ọgbà tí iyanrìn ti ha ọ̀dà ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì wo gíláàsì iwájú mọ́tò àwọn aládùúgbò bóyá iyanrìn ti dá ojú ihò wínníwínní sí i lára.

Odò Whitewater gbẹ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí náà àlejò kì í kà á sí odò. Bí òjò bá sì rọ̀, tàbí tí iyanrìn bá bo títì, wọn a ti àwọn títì tí ó sọdá rẹ̀ pa, ìyẹn Indian Canyon Drive, Gene Autry Trail àti Vista Chino. Nígbà ìjì Hilary ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọ̀nà àbájáde ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn yín bá wà ní òdìkejì odò náà, ẹ wá ọ̀nà kejì kí ẹ tó yan àdúgbò.

Ní ti iná, ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè rẹ̀ ní Palm Springs yàtọ̀ sí ti Indio àti La Quinta, àwọn ìlú tí kò jìnnà sí i. Ẹ bèèrè fún ìwé owó iná oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, kì í ṣe ti oṣù Kìíní.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ padà lọ wo ilé náà nínú ooru, ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri yàrá tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí ó bá ṣì ń gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ́ ibùsùn ìyá yín sí.