Bí A Ṣe Ń Jẹ́wọ́ Àkọsílẹ̀ Ìwakọ̀ Wa Nígbà Tí A Bá Ń Ra Adójútòfò Ọkọ̀ Nílùú Ọba

Ẹni tó bá ń ra adójútòfò ọkọ̀ ní England tàbí Wales yóò bá ìbéèrè kan pàdé nínú fọ́ọ̀mù, èyí tó sábà máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun tàbí ẹni tí yóò máa bá òun wa ọkọ̀ náà ti rú òfin ìrìnnà láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Àbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dá sí ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ ló yẹ ká fi dáhùn rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù rárá, ẹ lọ sórí ìkànnì ìjọba, gov.uk, níbi tí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí láísẹ́ǹsì awakọ̀, ti ń jẹ́ kí awakọ̀ wo àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà National Insurance àti postcode tó wà lórí láísẹ́ǹsì náà ni wọn yóò bi yín. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀: SP30 wà fún eré àsápajúdé, CU80 fún fóònù lọ́wọ́ nídìí ọkọ̀, IN10 fún wíwa ọkọ̀ láìní adójútòfò. Ẹ da àmì náà kọ pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti iye pọ́ìǹtì, ìyẹn máàkì ìjìyà tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ nìyí. Ọdún 4 ni SP30 fi ń wà lórí láísẹ́ǹsì, láti ọjọ́ tí a ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 5 ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ká ní kámẹ́rà ká yín mọ́ eré máìlì 38 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí òfin fi sí 30 ní oṣù Kẹta ọdún 2021, tí ẹ san £100 tí ẹ sì gba pọ́ìǹtì 3, bí ẹ bá wo ìkànnì DVLA ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹ lè má rí i mọ́, síbẹ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn yín sí fọ́ọ̀mù. Ìgbà tó bá pé ọdún 5 ni òfin ọdún 1974 lórí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ (Rehabilitation of Offenders Act) yóò sọ ẹnu yín di òmìnira, tí kò ní pọn dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá lọ jókòó sí kíláàsì àwọn asáré (speed awareness course) dípò pọ́ìǹtì kò jẹ̀bi lójú òfin, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kà. Àmọ́ bí iléeṣẹ́ bá dárúkọ kíláàsì náà gan-an, kó má purọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ kún un, kí òun náà wo tirẹ̀ fúnra rẹ̀. "Mi ò rò pé mo ní pọ́ìǹtì kankan" kì í ṣe ìdáhùn.

Òfin Consumer Insurance ọdún 2012 ló sọ ohun tó ń tẹ̀ lé e bí ìdáhùn yín kò bá tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àìfarabalẹ̀ ló fa àṣìsọ, tí ẹ san £800 nígbà tó yẹ kí ẹ san £1,000, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni iléeṣẹ́ lè san: ọkọ̀ tó bàjẹ́ tó £5,000 yóò di £4,000. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, wọ́n lè fagi lé àdéhùn náà, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì mú owó tí ẹ ti san lọ. Ìyẹn nìkan kọ́: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló tún máa ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fagi lé adójútòfò yín rí.

Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn tí ẹ ti rà á pé ẹ gbàgbé ọ̀kan, ẹ pe iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ.