Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀pá Pẹja Létí Òkun Àgbádárìgì Lówùúrọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá pẹja létí òkun, ojú ni kó kọ́kọ́ lò kó tó lo ọwọ́. Ẹyẹ, akàn àti àwọ̀ omi ló máa fi ibi tí ẹja wà hàn án. Ìdí nìyí tí mi ò fi ya ẹja pípa sọ́tọ̀ kúrò lára wíwo àwọn ẹ̀dá etíkun: iṣẹ́ kan náà ni.

Ọjọ́ àti àkókò. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ìgbì máa ń le jù. Ẹ fi í sílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló máa ń rọ̀ díẹ̀, ìgbà náà sì ni àwọn ẹyẹ àlejò pọ̀. Omi òkun wa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹ wo àkókò kíkún omi Èkó lórí fóònù, kí ẹ yan ọjọ́ tí yóò kún tán ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Ní wákàtí méjì tó ṣáájú ìgbà yẹn, ẹja ń tẹ̀lé omi wá jẹun létí iyanrìn.

Ohun èlò. Ọ̀pá tó gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, kí okùn lè kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Òjé 100 sí 150 gíráàmù. Ìwọ̀ mélòó kan. Edé tútù tàbí ṣàwá tí a gé fún ìdẹ. Pláyà, aṣọ tó nípọn, kúlà oníyìnyín. Ẹ so òjé mọ́ ìdí okùn, kí ẹ so ìwọ̀ méjì sókè rẹ̀ lórí okùn kúkúrú.

Dídé ibẹ̀. Gberefu ni mo fẹ́ràn jù, ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni sọdá láti Àgbádárìgì, nítorí náà ẹ bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ kí àwọn apẹja tí ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò ti fa àwọ̀n. Ẹ má ju ìwọ̀ sí iwájú àwọ̀n wọn láé. Oúnjẹ ilé wọn ni.

Kíka omi. Ẹ dúró lórí ibi gíga fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má tíì ju nǹkan kan. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, iyanrìn ló ga lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí omi ti dúdú, tí ìgbì kò fọ́, ó jìn, ibẹ̀ ni ẹja ń gbà kọjá. Tí ẹ bá rí ibi tí ìfófòó àti omi oníyanrìn ti ń ṣàn padà sínú òkun, etí rẹ̀ dára fún ìdẹ, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀. Omi yẹn ló ń gbé èèyàn lọ. Bó bá gbé ẹnikẹ́ni, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́.

Ẹ wá wo òkè. Àwọn ẹyẹ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń já láti òkè bọ́ sínú omi, ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lé, ẹja ńlá sì sábà máa ń wà lábẹ́ àwọn wẹ́wẹ́ náà. Àwọn kékeré aláwọ̀ eérú tó ń sáré síwá sẹ́yìn lẹ́nu ìgbì ń ṣa kòkòrò inú iyanrìn. Greenland àti àwọn ilẹ̀ tútù àríwá ni àwọn wọ̀nyí ti ń yé ẹyin, wọ́n á sì fò wá síbí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa lé wọn.

Jíjù àti fífà. Tí a bá kọjú sí òkun, omi etíkun wa sábà máa ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ìyẹn láti ọ̀tún wa sí òsì. Ẹ ju òjé sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, kí ó lè ṣàn wá síwájú yín. Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó jù ú. Tí okùn bá rọ̀ lójijì, ẹja ti gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn: ẹ ká a kíá. Nígbà tó bá súnmọ́ etí, ẹ má fà á nígbà tí ìgbì ń padà, yóò já. Ẹ dúró de ìgbì tó ń bọ̀, kí ó gbé e wá sórí iyanrìn.

Òbòkún òkun ní ẹ̀gún olóró lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́: aṣọ àti pláyà ni kí ẹ fi mú un. Bó bá gún yín, ẹ ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ tún yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Akọ wọn ló ń fi ẹnu ru ẹyin títí wọn yóò fi pa. Tí ẹyin bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sómi kíákíá.

Ìjàpá òkun. Ní àkókò ọyẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin lóru. Ipa wọn lórí iyanrìn fẹ̀ bíi ti táyà katakata. Ẹ má tẹ ibi tí wọ́n gbẹ́, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, ẹ má sì ṣí ẹyin wọn wò. Nǹkan bí oṣù méjì ni ẹyin náà ń lò nínú iyanrìn kó tó pa.

Okùn tó bá já, ẹ ká a sápò gbogbo rẹ̀, torí ẹyẹ àti ìjàpá ń há sínú rẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, tí omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ tú ìfun ẹja, kí ẹ kó o sínú kúlà kí ẹ tó wọkọ̀ padà.