Bí a ṣe ń fi ọjọ́ kan rí ahoro Chichén Itzá, tí a ó sì lúwẹ̀ẹ́ nínú cenote

Ní àríwá ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò, ẹ ò ní rí odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, inú òkúta yẹn ló ń gbà lọ sísàlẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ihò ńlá tó kún fún omi. Ọjọ́ tí òrùlé ihò náà bá já, omi á yọjú sí oòrùn. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni àwọn Maya, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní ts'ono'ot, tí àwọn ará Sípéènì wá pè di cenote. Ibi tí cenote bá wà ni ìlú ti máa ń dúró, nítorí náà ẹni tó bá wo ahoro láì wọ omi, ìdajì ló rí. Orúkọ Chichén Itzá, ìlú àtijọ́ àwọn Maya tó ti di ahoro, gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀: "ẹnu kànga àwọn Itzá", ìyẹn ẹ̀yà Maya kan, ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kan tó fún méjèèjì. Aago ló ń ba ìrìn yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ju owó lọ, òun ni a ó sì máa tọ́ka sí jù.

Ibi tí ẹ ó sùn mọ́jú

Láti Valladolid dé Chichén Itzá, nǹkan bí kìlómítà 45 ni. Láti Mérida, bí 120. Láti Cancún, ó tó 200, wákàtí méjì àbọ̀ sì ni lójú ọ̀nà tóògéètì 180D. Bí ẹ bá lè sùn sí Valladolid, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré tó tutù lójú ni, ẹ ó sì dé ẹnu géètì kí bọ́ọ̀sì Cancún tó dé.

Ẹni tó bá ń ti Cancún tàbí Tulum bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aago ibẹ̀ fi wákàtí kan síwájú aago Chichén Itzá, nítorí ìpínlẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: Quintana Roo àti Yucatán. Bí ẹ bá gbéra ní Cancún ní aago 6:30 àárọ̀, aago 9 ti Cancún lẹ ó dé, ṣùgbọ́n aago 8 ni yóò jẹ́ níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń ṣí géètì gan-an. Èrè nìyẹn ní àárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó dá wákàtí náà padà: ẹni tó bá kúrò ní Valladolid ní aago 5, aago 8 alẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa bá ní Cancún. Àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú ti fi sílẹ̀ nítorí èyí kò kéré. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dá aago fún yín, ẹ bi í pé aago ibo ni.

Ọ̀rọ̀ físà kò gùn. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Mẹ́síkò, àyàfi bí ẹ bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jàpáànù tàbí Schengen tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tàbí ìwé ìgbélùú títí láé ti ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ṣì bi ẹ́ḿbásì kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.

Yíyan amọ̀nà

Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó àlejò láti Cancún rọrùn lówó, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì ni yóò ti máa kó èèyàn, ó sì sábà máa ń yà sí ìsọ̀ fàdákà àti ti ọtí tequila. Kí ó tó dé ahoro, oòrùn ti dé àtàrí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ìsọ̀ mélòó ni wọn ó yà sí, àti wákàtí mélòó lẹ ó lò nínú ahoro. Bí kò bá tó wákàtí méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá owó ìwọlé wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ owó méjèèjì: Chichén Itzá máa ń gba owó ọ̀nà méjì, ti INAH, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti ti ìpínlẹ̀ Yucatán. Iye tó dà bí ẹ̀dínwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń yọ ọ̀kan sílẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni wọn ó ti wá gbà á.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ dá ọkọ̀ gbà láti Valladolid, kí ẹ sì mú amọ̀nà ní ẹnu géètì. Amọ̀nà tó ní àṣẹ ìjọba ní káàdì tó ní àwòrán rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ kó yé tọ̀túntòsì pé gbogbo ẹgbẹ́ ni iye náà wà fún, pé kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Àìsọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìparí.

Ẹ mú péṣò, owó Mẹ́síkò, sọ́wọ́. Nǹkan bí 1,500 fún ẹnì kan yẹ kó gbé ìwọlé, cenote àti oúnjẹ, láìka ọkọ̀ àti amọ̀nà.

Ara yín ní àárọ̀ ọjọ́ náà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ẹ̀ṣọ́ kan wà tí ẹ ó fi sílẹ̀: ìpara. Ẹ má fi òrí para, ẹ má fi òróró sírun, ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má pa ìpara oòrùn tàbí ti ẹ̀fọn. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ni àwọn ará ìlú ń mu, cenote sì jẹ́ ojú rẹ̀. Òróró kì í tètè kúrò nínú omi tí kò ní ìgbì; á léfòó, á sì máa ṣèpalára fún ẹja. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí gbogbo èèyàn wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà kó tó wọlé, tí ọ̀pọ̀ kò sì gba ìpara rárá, kódà èyí tí wọ́n ní ó ń jẹrà. Ẹ̀wù fífúyẹ́ alápá gígùn àti fìlà onígbòòrò etí ni kí ẹ fi kojú oòrùn. Ẹni tó dirun, kó fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ bò ó.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́. Ẹ mú táwẹ̀lì, sálúbàtà rọ́bà, ọ̀rá fún aṣọ tútù, àti omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi dróònù sílẹ̀. Wọn ò gbà á.

Nínú ahoro, aago 8 sí 10:30

Ẹ gba iwájú píríámídì Kukulcán lọ tààrà, kí ẹ ya àwòrán nígbà tí gbàgede ṣì ṣófo. Ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn 91 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 364, èyí tó wà lókè pátápátá sì sọ ọ́ di 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Amọ̀nà yóò pàtẹ́wọ́ níwájú àtẹ̀gùn, ohùn tí yóò padà wá á sì dún bí igbe ẹyẹ quetzal. Ẹ ò lè gun píríámídì náà, wọ́n ti fòfin dè é. Ní ìgbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, òjìji máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára àtẹ̀gùn àríwá bí ejò. Ẹni tí kò fẹ́ èrò kó má wá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì UNAM kéde pé ó jọ pé cenote kan wà lábẹ́ píríámídì náà gan-an.

Ẹ yà sí pápá bọ́ọ̀lù, tó gùn tó mítà 168, tó fẹ̀ tó 70. Ẹ wá ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí sí, tí ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń tú jáde bí ejò. Láti ibẹ̀, ẹ tọ ọ̀nà funfun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní sacbé, nǹkan bí mítà 300, dé Cenote Mímọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró pẹ́ jù. Ó fẹ̀ tó mítà 60, omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn Maya máa ń ju wúrà, òkúta jade àti èèyàn sínú rẹ̀ fún Chaac, òrìṣà òjò. Edward Thompson, ará Amẹ́ríkà, gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti 1904, ó sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Harvard. Ó yẹ kí amọ̀nà rere sọ ìyẹn fún yín láìfi bò.

Ní àbọ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún òpó, kí ẹ sì fi El Caracol, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, parí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń jáde, èrò bọ́ọ̀sì ni ẹ ó máa bá pàdé.

Ibòji kò pọ̀, oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló sì gbóná jù. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí èébì ń gbé e tàbí tí òtútù ń mú un nínú oòrùn, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fún un ní omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà. Bí kò bá tètè bọ̀ sípò, ẹ wá dókítà. Kó má wọ cenote lọ́jọ́ náà.

Nínú omi

Cenote Ik Kil kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lọ sí ahoro náà. Ojú omi rẹ̀ wà ní mítà 26 nísàlẹ̀ ilẹ̀, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ ju aago 11 lọ, ẹ ó tò lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó lọ sí cenote Samulá àti X'Kekén ní Dzitnup, lẹ́bàá Valladolid: inú ihò tó bò lórí ni méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé láti ojú ihò kékeré lókè.

Ẹ má retí etí omi tó rẹlẹ̀ ní Ik Kil. Láti orí àkàsọ̀, ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Omi náà ju mítà 40 lọ nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹnìkejì fà á sókè ní èjìká: bí ó bá gun etí, ó tóbi jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọjú sí àkàsọ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá dé àyà, ẹ dúró kí èémí rọlẹ̀, torí ó tutù ju ara lọ, mímí gúlegúle ló sì ń jẹ́ kí èèyàn mu omi. Ẹ di okùn tó gba ojú omi kọjá mú. Àwọn ẹja dúdú kéékèèké tí ẹ ó rí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Bí àrá bá ń sán, ẹ jáde.

Oúnjẹ àti àbọ̀

Ẹ jẹun ní Valladolid. Cochinita pibil lókìkí jù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ kó béèrè sopa de lima, ọbẹ̀ adìẹ olómi ọsàn wẹ́wẹ́, kó sì bèèrè bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi se ẹ̀wà. Ata habanero tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe àjèjì sí yín: ìran kan náà ni òun àti ata rodo wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti wá.

Bí aago bá ṣì kù, Cenote Zací wà láàárín ìlú náà, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn débẹ̀ láti gbàgede. Kí ẹ tó bọ́ sínú rẹ̀, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì yín lẹ́ẹ̀kan sí i: aago Yucatán ni ọkọ̀ fi ń gbéra ní Valladolid.