Sẹ́ẹ̀lì MDCK mi ò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń tọ́ MDCK II, oríṣi sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá kan, lórí asẹ́ oníhò 0.4 µm. Wọ́n ti bo asẹ́ náà tán, àmọ́ nígbà tí mo pa wọ́n láró, gp135, purotéènì tó yẹ kó wà lókè nìkan, wà káàkiri ara wọn láwọn ibì kan. ZO-1, purotéènì ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ra, tó yẹ kó yí wọn ká bí okùn náà já wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ìdáhùn: Pé wọ́n bo asẹ́ ò ní kí wọ́n mọ òkè. Ṣé o fọ EDTA, oògùn tó o fi ṣí wọn kúrò nínú abọ́, nù lẹ́yìn tó o ká wọn? EDTA máa ń gba kálísíọ́mù mọ́ra, bẹ́ẹ̀ kálísíọ́mù ni E-cadherin, purotéènì tó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, nílò kó tó lè di ti aládùúgbò rẹ̀ mú. Ibi ìdìmú yẹn ni Par3, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń pín òkè àti ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ń wá jókòó sí. Nínú àwọn purotéènì yòókù, Par6 àti aPKC á gba òkè, Scribble àti Lgl á gba ẹ̀gbẹ́. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ o! aPKC á lẹ fọ́sífétì mọ́ Lgl lára kó lè kúrò lókè, Lgl náà ò ní jẹ́ kí aPKC ráyè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjà ilẹ̀ yìí kì í parí, òun gan-an ló sì ń pa ààlà mọ́.

Ìbéèrè: Mo fọ̀ ọ́ nù, kálísíọ́mù omi oúnjẹ wọn sì jẹ́ 1.8 mM.

Ìdáhùn: Ó tó. Wo abẹ́ asẹ́ wàyí. Ṣé afẹ́fẹ́ ò há síbẹ̀? Kíndìnrín ajá ni Madin àti Darby ti yọ MDCK ní 1958, ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ẹ̀jẹ̀ sì ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti ń jẹun jù. Ìsàlẹ̀ náà ni integrin, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di ilẹ̀ mú, ti ń sọ fún un pé ilẹ̀ rèé. Bí wọ́n bá dí β1-integrin lọ́wọ́ nínú kọ́lájìn, ṣe ni òkè á dorí kodò síta.

Ìbéèrè: Hà, afẹ́fẹ́ há lóòótọ́, ibi tí ZO-1 ti já gan-an ni! Ọ̀gá mi tún ní TEER mi (bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń dènà iná mànàmáná tó), 120 Ω·cm², kéré, pé ó yẹ kó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ìdáhùn: MDCK I, oríṣi kejì, lọ̀gá ń sọ. MDCK II ní claudin-2, purotéènì tó ń ṣí ihò kéékèèké sáàárín sẹ́ẹ̀lì, ó ń jò díẹ̀ látilẹ̀ wá. Da asẹ́ yẹn nù. Bó o bá fẹ́ gbin òmíràn, omi ìsàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ bù, kó o wá gbé asẹ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó o ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa há.