Wáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi pa mọ́tò

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáàsì (wax, ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà mọ́tò) pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́, lábẹ́ ibòji, lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti mọ́, tó gbẹ, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti tutù. Èyí tó nípọn kì í dáàbò bo ọ̀dà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣe ló máa lẹ̀ gbagidi, tí apá á máa ro yín níbi tẹ́ ẹ ti ń nù ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ fi ìka kan fà á. Tí ojú ibẹ̀ bá ń dán, ẹ fi aṣọ microfibre (aṣọ ìnulẹ̀ tó rọ̀ múlọ́múlọ́) nù ún. Tó bá ṣì ń yọ̀ bí òróró, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kó má kan rọ́bà dúdú etí gíláàsì, funfun tó máa ń dá síbẹ̀ kì í tètè lọ. Àmọ́ wáàsì ò lè bo ibi tí nǹkan ti ha ọ̀dà débi irin. Pẹ́ńtà ló ni ìyẹn.