Kí A Tó Gbin Oúnjẹ Sórí Ilẹ̀ Tí Ilé Iṣẹ́ Ti Da Ìdọ̀tí Sí

Ojú ni àgbẹ̀ sábà máa ń fi mọ ilẹ̀ tó dára: bí ó bá dúdú, tí koríko sì ń hù lórí rẹ̀, a gbà pé yóò so oúnjẹ. Ojú kò tó lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ́ irin, tí wọ́n ti fọ́ bátìrì, tàbí tí wọ́n ti da omi aró nù, nítorí pé òjé àti kádímíọ̀mù, irin méjì tó jẹ́ májèlé, kì í jẹrà, wọn kì í sì í rùn.

Májèlé méjèèjì kò rìn bákan náà. Òjé máa ń lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú èso. Eruku orí ewé àti erùpẹ̀ ara ohun tí a wú ni ó ń gbé e dé ẹnu, nítorí náà fífọ̀ àti bíbó èèpo ń dín in kù. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ ń bá omi tí gbòǹgbò ń fà wọlé, ó sì ń kó jọ sínú ewé, níbi tí fífọ̀ tàbí sísè kò ti lè mú un kúrò. Ní Jàpáànù, ìrẹsì tí wọ́n fi omi odò Jinzu bomi rin, lẹ́yìn tí ìdọ̀tí ìwakùsà ti bà á jẹ́, ba kíndìnrín àti egungun àwọn tó ń jẹ ẹ́ jẹ́. Ìjọba gbà ní ọdún 1968 pé kádímíọ̀mù ló fà á.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò léèrè ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ojú ibi púpọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ ní pàtó pé irin tó jẹ́ májèlé ni ẹ ń wá, torí àyẹ̀wò tí a fi ń mọ ajílẹ̀ tí ilẹ̀ nílò kì í fi í hàn.

Bí májèlé náà bá pọ̀, ẹ má gbin oúnjẹ síbẹ̀ rárá. Bí ó bá kéré, ẹ fi pákó ṣe ebè gíga, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ sí i, kí ẹ sì yan tòmátì tàbí àgbàdo dípò ẹ̀fọ́ eléwé àti karọ́ọ̀tì. Ẹ bọ́ bàtà oko síta, nítorí pé ọmọdé tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ni òjé ń pa lára jù. Ẹ má sì já ewé ibẹ̀ fún ewúrẹ́, torí inú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran ni kádímíọ̀mù máa ń kó jọ sí.