Bí a ṣe sọ iṣẹ́ télọ̀ àbúrò mi di kírẹ́dítì ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Òwú, abẹ́rẹ́, sípù àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní Sábó, Ìkòròdú níbí. Èmi fúnra mi ò dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣa ẹ̀rí jọ tí ilé-ìwé kan ní Houston fi fún àbúrò mi ọkùnrin ní kírẹ́dítì mẹ́fà (ìyẹn òṣùwọ̀n tí yunifásítì fi ń ka ẹ̀kọ́ tí èèyàn ti ṣe) lórí iṣẹ́ tó kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìgbógbó. Látìgbà tí ìròyìn ọ̀hún ti tàn, gbogbo oníbàárà tó ní ọmọ lókè òkun ló ń bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ó ti sú mi láti máa tún un sọ nígbà tí mo bá ń ka bọ́tìnnì lọ́wọ́, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Digiri àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ kírẹ́dítì 120, kọ́ọ̀sì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Owó ni wọ́n ń gbà lórí kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà èyí tí wọ́n bá kà fún ọmọ yín láìjẹ́ pé ó jókòó ní kíláàsì, owó ló yọ yẹn, oṣù ló sì yọ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló ń ṣe é o. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ nítorí àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, irú Thomas Edison State University ní New Jersey, láti 1972. Àwọn mìíràn máa ń gba díẹ̀, àwọn kan ò ní gba ẹyọ kan. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ bi ilé-ìwé tirẹ̀ pé èwo ni wọ́n ń gbà, mélòó ló pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà, kó sì rí i pé orí ímeèlì ni wọ́n ti dá a lóhùn, kó tó ná kọ́bọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àbúrò mi gbà.

Ìdánwò ló yá jù. CLEP ni wọ́n ń pè é, College Board ló ni ín, kọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 90 lọ. Láti 20 dé 80 ni máàkì rẹ̀, 50 sì ni àjọ ACE, tó ń gba àwọn yunifásítì ibẹ̀ nímọ̀ràn, ní kí wọ́n máa fún èèyàn ní kírẹ́dítì sí. Àbúrò mi ṣe Principles of Management. Orí ìkànnì ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Modern States ló ti ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ní òun ti mọ ìdajì ohun tí wọ́n bi òun látìgbà tí òun ti ń bójú tó ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, pé orúkọ tí ìwé pè é nìkan ni òun ò mọ̀.

Ọ̀nà kejì pa mí lẹ́rìn-ín: Yorùbá. Àjọ ACTFL, tó ń rí sí kíkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà, ní ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ kan tí wọ́n ń pè ní OPI, Yorùbá sì wà lára èdè tí wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó mọṣẹ́ náà á bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn, á sì máa gbé e ga díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa rí ibi tí agbára rẹ mọ. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, èdè tí mo gbọ́ lẹ́nu Màámi ni wọ́n fẹ́ fún mi ní kírẹ́dítì lé lórí?" Mo ní kó má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa ni" lọ kò lè dé ibi gíga níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pè é lálaalẹ́: lónìí kó ròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ kan fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́la kó bá mi jiyàn lórí owó epo, kó má sì da òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹta ló tó ṣàkíyèsí pé òun ò lè sọ gbólóhùn mẹ́rin láìsí "because" nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fáìlì ẹ̀rí, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní portfolio. Ọmọ yín á wá kọ́ọ̀sì kan nínú ìwé ilé-ìwé náà tí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ bá ohun tó ti mọ̀ mu, á kọ àlàyé ohun tó mọ̀ àti bó ṣe mọ̀ ọ́n, á sì kó ẹ̀rí tì í. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n máa ń gbowó àyẹ̀wò, àmọ́ tiwa kò tó iye tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì náà gan-an.

Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Mo lọ bá Àlàájì, ọ̀gá rẹ̀ ní Ìgbógbó, pé kó kọ lẹ́tà. Bàbá kọ ọ́ tọkàntọkàn: "Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kì í jalè. Ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ mi, kò fọjọ́ kan rí ìyàwó mi fín." Houston dá a padà. Wọ́n ní lẹ́tà náà sọ irú ẹni tó jẹ́, kò sọ ohun tó mọ̀. Ó bí mi nínú nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé wọ́n jàre. Wọn kì í fún èèyàn ní kírẹ́dítì lórí ọdún tó lò. Ẹni tó fi ogún ọdún gé aṣọ láìmọ ìdí tó fi ń gé e bẹ́ẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, mo gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, mo tan fóònù sílẹ̀ kó máa gbohùn. Mo ní, "Àlàájì, tí àyà èèyàn bá jẹ́ ínṣì 42, kí ló dé tí ẹ ò gé 42?" Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ṣé kò ní mí ni? Ṣé kò ní gbé apá sókè?" Mo bi í nípa àǹkárá. Ó ní kí á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kó sún kì tán kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Ó ní bí ẹyẹ bá wà lára aṣọ, tó dojú kọ òkè, èèyàn ò gbọdọ̀ dorí ègé kejì kodò kí yáàdì lè tó, àfi kó béèrè aṣọ sí i. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín: àbúrò mi gé àǹkárá ìkómọ oníbàárà kan bẹ́ẹ̀ rí, ẹyẹ iwájú ń fò, tẹ̀yìn dorí kodò. Àpò ara rẹ̀ ló ti ra òmíràn.

Gbogbo rẹ̀ la fi sínú lẹ́tà kejì. Àbúrò mi sì kọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn sínú àlàyé tirẹ̀, àṣìṣe náà àti ohun tó fi kọ́.

Ẹ̀rí yòókù: ìwé fìrídọ̀ọ̀mù rẹ̀, fọ́tò agbádá tó rán, tinú tìta, kí wọ́n lè rí ojú ìránṣọ, ìwé ìdíwọ̀n rẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú àpótí Màámi, àti ìwé tó fi ń kọ àsansílẹ̀ oníbàárà àti èyí tó kù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló fi gba kírẹ́dítì mẹ́ta lórí bíbójú tó òwò kékeré. Èyí tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kọ déètì sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi fóònù ya ìwé lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n bá yín síkáànì rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fún ọmọ yín ní odindi digiri lórí "ìrírí ayé" láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, olè ni. Kí ọmọ yín wo orúkọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lórí àtòkọ CHEA, àjọ tó ń rí sí ìfọwọ́sí àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì, ó ní, "Èmi tí mo kọ́ ọ ńkọ́? Kírẹ́dítì tèmi dà?" Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe kírẹ́dítì yunifásítì, ṣùgbọ́n tiwa náà wà níbí: ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní NSQ, tó wà lábẹ́ NBTE, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n lè yẹ iṣẹ́ ẹni wò fún láìbèèrè pé ilé-ìwé wo lo lọ. Ó ní òun fara mọ́ ọn. Mo ní ó dáa, kó bá mi kó àwọn ìwé ìdíwọ̀n tirẹ̀ láti ẹ̀yìn wá jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti inú ilé. Ó ní òun ti fi dì àkàrà tán.